Ta Ló Kọ́ Ẹni Tó Ń Fín Oògùn?

  Ọ̀pọ̀ yín ló ní ká kọ ọ̀rọ̀ oògùn oko tí a sọ lórí rédíò sílẹ̀, kí ẹni tí kò gbọ́ ọ lè rí i kà, kí ẹni tí kò mọ̀wé sì lè ní kí ọmọ òun kà á fún òun. Òun náà nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè. Ọmọ tó fẹ́ di télọ̀, ọdún mélòó ló ń lò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀? Ọmọbìnrin tó ń kọ́ irun dídì, ṣé kì í gba òmìnira kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀? Awakọ̀ ní ìwé ìwakọ̀. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mo lọ, mo ṣe ìdánwò, kí wọ́n tó jẹ́ kí n gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Ó dáa. Ọkùnrin tó gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, tó ń fín májèlé sórí tòmátì tí a máa jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ló kọ́ òun? Ẹni tó ń ta oògùn ẹ̀wà nínú ìgò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníyọ̀, ìwé ẹ̀rí tiẹ̀ dà?

Ìtàn ni mo fẹ́ fi dáhùn. Ó jẹ́ ìtàn bí aráyé ṣe wá mọ̀ pé ẹni tó bá máa fọwọ́ kan májèlé gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì dán an wò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òkú ló ṣáájú, òfin wá tẹ̀lé e. Ní orílẹ̀-èdè Bénin tiwa yìí, òfin ló ṣáájú, òkú sì tún wá lẹ́yìn òfin. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

KÍ OÒGÙN ÒYÌNBÓ TÓ DÉ

Àwọn ìyá wa àgbà náà bá kòkòrò jà. Eérú ni wọ́n ń pò mọ́ ẹ̀wà kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìkòkò. Àgbàdo tí wọ́n máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, òkè ààrò ni wọ́n ń so ó kọ́ sí, kí èéfín máa fẹ́ ẹ. Àwọn mìíràn ń lo ata gbígbẹ, àwọn mìíràn ń lo ewé dóńgóyárò. Ọgbọ́n yìí ní òté tiẹ̀. Kòkòrò a máa jẹ díẹ̀, nígbà míì ó máa ń jẹ púpọ̀, ẹbi a sì máa pa ilé. N kò ní purọ́ fún yín pé ayé àtijọ́ dùn ju ti ìsinsìnyí lọ.

Àmọ́ ẹ wo ohun kan. Ẹ̀kọ́ wà nínú iṣẹ́ náà. Ìyá ló ń fi han ọmọ: báyìí ni eérú ṣe ń pọ̀ tó, báyìí ni a ṣe ń fẹ́ ẹ kí a tó sè é. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀wà rẹ̀ ló máa bàjẹ́, kò sí ẹni tó máa kú. Oògùn tuntun ló wá yí i padà. Agbára rẹ̀ pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ìyá tó máa fi han ọmọ kò bá a wá.

BÍ OÒGÙN NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1939, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Switzerland tó ń jẹ́ Paul Müller rí i pé èròjà tí wọ́n ń pè ní DDT ń pa kòkòrò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ń fọ́n ọn sára sójà àti ará ìlú láti pa iná aṣọ tó ń tan àrùn kálẹ̀. Lẹ́yìn ogun, wọ́n lò ó fún ẹ̀fọn, wọ́n lò ó fún oko. Ní 1948 wọ́n fún Müller ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀. Gbogbo ayé ń jó, wọ́n ń yọ̀. Nítorí pé kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀, wọ́n rò pé kò lè pa ènìyàn lára rárá.

Ìdílé oògùn kejì kò fara pamọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1936, ní Jámánì, Gerhard Schrader ń wá oògùn tó máa pa kòkòrò ara ewéko. Èyí tó rí le débi pé ojú òun àti ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣókùnkùn, mímí sì di ìṣòro fún wọn, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ tó kàn wọ́n. Àwọn ológun Jámánì gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di gáàsì tí wọ́n lè fi pa ènìyàn lójú ogun. Láti inú ìdílé yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ oògùn oko ti jáde lẹ́yìn náà: málátíónì, chlorpyrifos, àti dichlorvos tí àwọn kan ń fín sí ẹ̀wà wa. Wọ́n dín agbára rẹ̀ kù ni, wọn kò yí ìwà rẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwà náà bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn aboyún tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Nínú ara wa, ìránṣẹ́ kan wà tí iṣan fi ń sọ fún ẹran ara pé kó ṣiṣẹ́. Bí ìránṣẹ́ náà bá ti jíṣẹ́ tán, agbálẹ̀ kan wà tó ń gbá a kúrò lọ́nà. Oògùn yìí ló ń so ọwọ́ agbálẹ̀. Ìránṣẹ́ á wá máa jíṣẹ́ lọ láìdúró. Itọ́ á máa dà, omijé á máa dà, òógùn á bo ara, inú á máa ṣu, ọmọlójú á kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ẹran ara á máa gbọ̀n, ẹ̀dọ̀fóró á kún fún omi. Bó ṣe ń pa kòkòrò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń pa ènìyàn. Ìwọ̀n nìkan ni ìyàtọ̀. Ọmọ ọdún méjì kò sì tóbi tó bàbá rẹ̀.

BÍ ÌWÉ Ẹ̀RÍ ṢE BẸ̀RẸ̀

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà la ojú. Rachel Carson ni orúkọ rẹ̀. Ní 1962 ó kọ ìwé kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Silent Spring, ó sì ṣàlàyé bí DDT àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń wọ inú omi, inú ẹja, inú ẹyẹ, títí dé inú ara ènìyàn. Àwọn tó ń ta oògùn bú u gidigidi. Kò dẹ́kun.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1972, Amẹ́ríkà fòfin de DDT ní oko. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tún òfin oògùn oko ṣe, wọ́n pín àwọn oògùn sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan wà tí ẹnikẹ́ni lè rà. Èkejì, èyí tó le, ó di ti ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí, tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú ẹni tó ní i. Ẹni tó bá fẹ́ máa fín in fún ẹlòmíràn gba owó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò. Ìwé ẹ̀rí náà kì í sì í ṣe ti títí ayé. Ó ní ọjọ́ tó máa kú, ènìyàn á tún padà lọ kọ́ ẹ̀kọ́. Ní 2017 wọ́n tún fi kún un pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àwọn oògùn tó le wọ̀nyẹn fún iṣẹ́. Ẹ rántí ọdún 18 yẹn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ 2 mọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1984, gáàsì tú jáde ní ilé iṣẹ́ oògùn kòkòrò kan ní ìlú Bhopal ní Índíà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ lórí ibùsùn wọn. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 1985, àjọ FAO tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ ọ̀gbìn láyé gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè lórí títà àti lílo oògùn oko. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí a fi sí etí. Ó ní oògùn tó bá jẹ́ pé aṣọ ààbò tó wọ́nwó tàbí tó ń ni ènìyàn lára ni wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀ kí wọ́n tó lò ó, kí a má ṣe gbé e fún àgbẹ̀ kékeré ní ilẹ̀ olóoru. Ẹ wo àgbẹ̀ tiwa, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀tì àti sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Òun gan-an ni wọ́n ń sọ.

Ilẹ̀ Faransé náà dé ibẹ̀, bó tilẹ̀ pẹ́. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2015, àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé tó bá fẹ́ ra oògùn oko kó sì fín in gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní Certiphyto. Ẹni tó ń tà á náà gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀.

ÒFIN TIWA

Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Rárá o. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1991, Bénin ṣe òfin tirẹ̀ lórí oògùn oko, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 91-004. Ẹ kà á dáadáa: ọdún mẹ́rìnlélógún ṣáájú kí wọ́n tó fi dandan lé ìwé ẹ̀rí àgbẹ̀ ní Faransé. Òfin wa sọ pé oògùn tí ìjọba kò bá tíì yẹ̀ wò kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà. Ó sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi títà rẹ̀ ṣe òwò, tàbí kó máa fín in fún ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ní 1992 wọ́n ṣe àṣẹ tó tẹ̀lé e. Òfin náà dára, ó sì tètè dé.

Àmọ́ ní àkókò yẹn kan náà, owó ìjọba ti gbẹ. Ẹ̀yin àgbà rántí àwọn òṣìṣẹ́ CARDER tí wọ́n máa ń gun alùpùpù wá sí abúlé láti kọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 síwájú, wọ́n dín wọn kù gan-an. Òfin wá wà ní Cotonou, olùkọ́ kò sì sí lóko. Oògùn nìkan ni kò dín kù.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ÌHÀ BORGOU

Ní ìhà àríwá, níbi tí wọ́n ti ń gbin òwú, kòkòrò inú òwú ti ń mọ́ra pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Fún àkókò ọ̀gbìn 1999 sí 2000, wọ́n gbé oògùn mìíràn fún àwọn àgbẹ̀, endosulfan ni orúkọ rẹ̀, ẹbí DDT ni, ṣùgbọ́n ó le ju DDT lọ fún ènìyàn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1999, ní agbègbè Banikoara, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 12 sí 14 lọ ro oko òwú bàbá wọn. Àgbàdo wà láàárín òwú náà. Wọ́n ti fín endosulfan sí oko ọ̀hún ní ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ọmọ kò mọ̀. Ebi pa wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́, bó ṣe máa ń pa ọmọ. Wọ́n ya àgbàdo jẹ. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn Banikoara. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 12, kú.

Kì í ṣe òun nìkan. Nínú àkókò ọ̀gbìn kan ṣoṣo yẹn, iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ kà jẹ́ ènìyàn 37 tó kú ní ìhà Borgou, àwọn mìíràn sì wà tí àìsàn rẹ̀ dá gúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí bó ṣe ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n rí kò ṣàjèjì sí èyíkéyìí nínú yín. Wọ́n tọ́jú oògùn sínú yàrá tí wọ́n ń sùn. Wọ́n fi ìgò òfìfo bu omi mu. Wọ́n fín oògùn òwú sí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Oògùn ta sí oúnjẹ. Wọ́n fín in láìbo ara.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bú bàbá àwọn ọmọ yẹn. Ta ló sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé òun ti fín oko? Ta ló sọ fún un pé ọjọ́ kan kò tó? Èyí ni ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ọjọ́ àkọ́kọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí. Àti pé bí ìpàdé ẹ̀kọ́ bá tilẹ̀ wà, baálé ló sábà máa ń lọ. Ọmọ tó ń roko, ìyàwó tó ń pọn omi tí wọ́n fi ń po oògùn, wọn kì í sí níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 12 kò gbọ́dọ̀ gbé pọ́ǹpù yẹn rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, òun gan-an ni a máa ń rán níṣẹ́ sí oko ọ̀hún.

Àjọ OBEPAB, tó ń kọ́ àgbẹ̀ Bénin ní iṣẹ́ ọ̀gbìn láìlo oògùn òyìnbó, wà lára àwọn tó kọ ìtàn àwọn òkú wọ̀nyí sílẹ̀ kí ayé lè gbọ́. Bénin padà fòfin de endosulfan. Ní 2011, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Stockholm fi í kún àwọn májèlé tí gbogbo ayé máa pa tì. Ẹ wá wò ó: ọmọ tó ya àgbàdo jẹ wà nínú ìdí tí ayé fi pa májèlé kan tì. Ó dùn mí pé ikú ló fi sọ̀rọ̀.

NÍGBÀ TÍ ẸNI TÓ MỌ̀ Ọ́N ṢE BÁ GBÉ PỌ́ǸPÙ

Ìtàn kejì sún mọ́ wa. Ní ọdún 2008, ní Ouémé tó bá wa pààlà, ní Sèmè-Podji, ní Dangbo, ní Adjohoun àti ní Akpro-Missérété, wọ́n fín oògùn sára ògiri yàrá láti pa ẹ̀fọn tó ń fa ibà. Amẹ́ríkà ló ràn wá lọ́wọ́ nínú ètò náà. Oògùn tí wọ́n lò ń jẹ́ bendiocarb. Kì í ṣe omi o! Òun náà ń so ọwọ́ agbálẹ̀ tí mo sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Kí ni ìyàtọ̀? Ẹni tó gbé e dání ni. Nínú irú ètò báyìí, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó máa ṣiṣẹ́ náà kí wọ́n tó fún wọn ní oògùn. Omi lásán ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ fín ògiri, títí ọwọ́ wọn á fi mọ ìwọ̀n. Wọ́n ń wọ ìbọ̀wọ́, bàtà róbà, ìbòmú àti aṣọ tó bo ara. Wọ́n ń kìlọ̀ fún onílé kó kó oúnjẹ, ìkòkò àti omi mímu jáde. Onílé á wà níta fún wákàtí méjì ó kéré tán, á sì gbá ilẹ̀ kí ọmọ tó wọlé. Omi tí wọ́n fi fọ pọ́ǹpù kì í lọ sínú odò, ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un ló ń lọ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ènìyàn dúdú kò lè kọ́ iṣẹ́ yìí, tàbí pé ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ti le jù fún wa, ẹ sọ fún un pé ó ti ṣẹlẹ̀ ní Dangbo. Ìmọ̀ kò jìnnà sí wa. Ní Pobè níbí, láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà.

ỌJÀ TIWA ÀTI ẸNUBODÈ

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ẹnubodè Nàìjíríà kò jìnnà sí wa, ọjà wọn àti tiwa sì ti di ọ̀kan. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá padà, torí pé dichlorvos inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè gbà lọ. Ẹ wo iye àgbẹ̀ àti oníṣòwò tó pàdánù owó. Oògùn tí wọ́n ń bá ẹ̀fọn àti aáyán jà, wọ́n fín in sí oúnjẹ, torí pé ẹni tó tà á kò sọ fún wọn, òun náà kò sì mọ̀. Ní 2019, àjọ NAFDAC ti Nàìjíríà fòfin de ìgò kéékèèké dichlorvos, èyí tó jẹ́ mílílítà 100 sí ìsàlẹ̀, kó má ṣe sí lórí àtẹ mọ́.

Àmọ́ ohun tí wọ́n lé kúrò ní ọjà kan lè sá wọ ọjà kejì. Ìgò tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ń dé ọwọ́ ẹni tó jẹ́ pé Faransé ló kà, tàbí tí kò kàwé rárá. Àwọn mìíràn ń bù ú sínú ìgò omi, sínú ìgò oògùn ikọ́ ọmọdé. Ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fẹnu kò ní 2008 lórí òfin kan náà fún oògùn oko. Ní 2018, Bénin tún ṣe àṣẹ tuntun láti mú òfin 1991 lágbára. Ìwé ti pọ̀. Ohun tó kù ni ẹni tó máa béèrè.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN

Ẹ̀yin ni ẹni yẹn. Ẹ máa sọ pé, “Nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀ wa ò lówó, báwo ló ṣe máa ra ìbọ̀wọ́, ká má tíì sọ ti ẹ̀kọ́?” Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ń ra tòmátì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń fọ aṣọ rẹ̀. Ẹni tó ń ra ọjà lẹ́nu láti béèrè. Ohun mẹ́rin tí wọ́n ń fi ṣe ìdánwò fún ẹni tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí, ẹ̀yin náà lè fi bi í.

Èkíní: ta ló kọ́ ọ, níbo, ìwé rẹ̀ dà? Bí kò bá ní, ẹ má ṣe pariwo lé e lórí. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ obìnrin abúlé lè lọ bá mẹ́rì àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ní ATDA, kí wọ́n wá kọ́ wọn. Kí ẹ̀yin obìnrin náà jókòó síbẹ̀.

Èkejì: ìgò tí oògùn ti jáde dà? Kó jẹ́ ìgò rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ìwé ara rẹ̀. Àwọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, ẹni tí kò kàwé pàápàá lè mọ̀ ọ́n. Pupa ni èyí tó le jù, ìyeyè tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà aró, lẹ́yìn náà ewé. Bí ẹ bá rí pupa, kó jìnnà sí àgbẹ̀ tí kò kọ́ iṣẹ́, kó sì jìnnà sí ilé.

Ẹ̀kẹta: ọjọ́ mélòó ló kù kí a tó lè wọ oko, ọjọ́ mélòó ló kù kí a tó lè kórè? Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní iye ọjọ́ tirẹ̀, ó wà lára ìwé rẹ̀. Tòmátì tí wọ́n fín lánàá tí wọ́n sì já lónìí, ẹ má rà á, kódà bó dọ̀pọ̀. Kí ẹni tó fín oko so àkísà pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà oko, kí ọmọ lè mọ̀.

Ẹ̀kẹrin: níbo ni ìgò òfìfo ń lọ? Wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi ṣan án nígbà mẹ́ta, kí omi náà padà sínú pọ́ǹpù, kí wọ́n sì lu ú ní ihò kí ẹnikẹ́ni má lè fi bu nǹkan mọ́. Ìgò oògùn kì í di ìgò epo. Kì í di ìgò omi. Bó ti wù kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó.

BÍ ÌJÀǸBÁ BÁ ṢẸLẸ̀

Bí ọmọ tàbí àgbà bá ń da itọ́, tó ń làágùn, tó ń bì, tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn, tàbí tí gìrì mú un lẹ́yìn tó ti oko dé, ẹ bi ara yín bóyá wọ́n fín oògùn. Endosulfan àti àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń mú ènìyàn gbọ̀n bíi gìrì gan-an. Bí ẹ bá jókòó ti àgbo gìrì nílé, àkókò ń lọ.

Ẹ gbé e kúrò níbi tí oògùn wà. Ẹ bọ́ aṣọ ara rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́ yín, ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má fún un ní mílíìkì. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n epo máa ń ran àwọn oògùn kan lọ́wọ́ láti tètè wọ inú ara. Ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Èébì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bó bá jẹ́ zémidjan, kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn dì í mú. Ẹ gbé ìgò oògùn náà dání, kódà bó ti ṣófo. Ìgò yẹn ló máa sọ fún dókítà irú oògùn tó yẹ kó lò, torí pé abẹ́rẹ́ tó ń gba ẹni tí ìdílé Schrader mú là kọ́ ni a fi ń tọ́jú ẹni tí ẹbí DDT mú.

Ẹ̀yin aboyún àti ẹ̀yin tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ má po oògùn, ẹ má gbé omi rẹ̀. Aṣọ ẹni tó fín oògùn, ẹ má pò ó mọ́ ìlédìí ọmọ nínú ọpọ́n kan.

Òfin wa ti pé ọdún 30 ó lé. Ó dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé pọ́ǹpù lóko wa lónìí lọ. Kò ní ẹsẹ̀ láti rìn láti Cotonou wá sí Aguidi fúnra rẹ̀. Ẹnu yín ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí ẹ tó kó tòmátì sínú agbọ̀n, ẹ béèrè: “Bàbá, ta ló kọ́ yín? Ọjọ́ wo lẹ fín in?” Kí ẹnìkejì yín náà béèrè. Kí ẹ̀kẹta náà béèrè. Bí àgbẹ̀ bá ti gbọ́ ìbéèrè náà lẹ́nu ènìyàn mẹ́wàá, á lọ wá ìdáhùn.

 Kí Ọlọ́run dá ọmọ wa sí.